"Mímọ́" Inú Ẹni Mímọ́

Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ Àgùdà nípa ẹni mímọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. À ń ròyìn wọn bí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: "mọ́" ló bí "mímọ́". Aṣọ tó dọ̀tí, tí a fọ̀, la ń sọ pé ó ti mọ́.

Augustine, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí lọ́dún 354 ní ilẹ̀ tó di Àlùjéríà lónìí, kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun àti ẹgbẹ́ òun jí èso igi onígi ká lóru, kì í sì í ṣe ebi ló ń pa wọ́n. Ọmọ Ìràwọ̀ tó ti ká máńgòrò onímáńgòrò rí, ìyẹn á yé e. Bí a bá fi ìdọ̀tí pamọ́ fún un, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé fífọ̀ wà? Ẹ̀yin olùkọ́ katikísìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ọ́ tán.