Eré Tí Kò Ní Òṣèré: Ilé Ẹyẹ Tiki ní Disneyland

Ẹni tí ó bá rí àkọlé yìí nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa lè béèrè pé kí ni ó pa àwa tí a ń wá ìjìnlẹ̀ èdè àti àṣà Yorùbá pọ̀ mọ́ ẹyẹ oníẹ̀rọ tí ń kọrin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìbéèrè náà tọ́. Èmi pàápàá bi ara mi bẹ́ẹ̀ kí n tó mú kálàmù. Ìdáhùn mi ni pé ó ti pẹ́ tí àwa ọ̀mọ̀wé ti ń bínú sí àwọn tí ń ta ère Ṣàngó àti ère ìbejì fún àlejò bí ẹni ń ta ẹ̀pà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀kan nínú wa tí ó jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi òrìṣà ẹlòmíràn ṣeré, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó pàtẹ́wọ́, tí ó sì wá kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Èmi jókòó níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìlú Anaheim ní Kalifóníà ni Disneyland wà. Ọdún 1955 ni Walt Disney ṣí ọgbà ìṣeré náà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1963 ni wọ́n ṣí ilé kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Enchanted Tiki Room. Tiki ni orúkọ tí àwọn ènìyàn kan ní erékùṣù òkun Pàsífíìkì ń pe ère tí wọ́n gbẹ́ ní àwòrán òrìṣà tàbí ti baba ńlá wọn. Ilé oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe, kí ẹyẹ máa kọrin lókè orí àwọn tí ń jẹun. Ìgbà tí wọ́n rò ó dáadáa ni wọ́n rí i pé bí eré bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dìde kúrò nídìí àwo fún ẹlòmíràn. Wọ́n bá kó àwo kúrò, wọ́n fi eré sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní ẹyẹ oníẹ̀rọ kékeré kan tí Disney rà ní ìlú New Orleans ni ó gbé èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹyẹ, òdòdó àti ère tí ń ṣe eré náà jẹ́ 225. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ gba inú ọ̀pá tín-ín-rín ni ó ń ya ẹnu wọn, tí ó sì ń mú wọn mí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, téèpù tí a gba ohùn sí ni ó ń darí afẹ́fẹ́ náà, tí ẹnu ẹyẹ kò fi ní ṣáájú orin, tí kò sì ní kẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù lọ níbẹ̀ ni ti obìnrin kan tí ń jẹ́ Harriet Burns, ẹni tí ó fi ìyẹ́ bo àwọn ẹyẹ náà. Gbogbo aṣọ tí wọ́n fi bo àyà ẹyẹ ni ó ń wú tàbí kí ó máa hun jọ nígbà tí ẹyẹ bá mí. Níjọ́ kan ni ó kíyè sí ìgbọ̀nwọ́ súwẹ́tà olówùú múlọ́múlọ́ tí Disney wọ̀, bí ó ti ń nà tí ó sì ń padà sí àyè rẹ̀ bí ọ̀gá náà ti ń ká apá. Irú aṣọ náà ni wọ́n fi ṣe àyà ẹyẹ. Ojú tí ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ojú oníṣọ̀nà.

Ẹni tí ó bá ti rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìhà Kétu, èyí tí àwọn ère kéékèèké orí rẹ̀ ń ju apá bí ẹni tí ó gbé e ti ń fa okùn, yóò mọ̀ pé ère tí ń ṣe bí ẹlẹ́mìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ń fa okùn ń gbọ́ ohùn wa. Bí a bá hó yèè, yóò tún un ṣe. Bí a bá dákẹ́, yóò yí ọwọ́ padà. Ẹyẹ Disney kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn mẹ́wàá ni ó wà níwájú rẹ̀, bí igba ni, bákan náà ni yóò kí wọn, bákan náà ni yóò dá àpárá, bákan náà ni yóò sì dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ì bá rín in, wọn ì bá má rín in.

Bí eré náà ti ń lọ nìyí. A jókòó yí yàrá ká lábẹ́ òrùlé koríko. Òṣìṣẹ́ ọgbà kan, ẹlẹ́ran-ara bí tiwa, na ọ̀pá gígùn kan sókè, ó fi jí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ mẹ́rin tí ó jẹ́ olórí. José ni orúkọ èyí, ó sì jí pẹ̀lú ìráhùn nítorí oorun rẹ̀. Ó jí Michael, Pierre àti Fritz. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ahọ́n ìlú tirẹ̀ pe èdè Gẹ̀ẹ́sì, ti Mẹ́síkò, ti Áílándì, ti Faransé, ti Jámánì. (Ẹyẹ tí ó jọ odídẹrẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi jù ú, àwọ̀ wọn sì pọ̀. Kí ará Ìwó má bínú sí mi bí mo bá sọ pé wọ́n lẹ́wà.) Wally Boag ni ó yá José ní ohùn, Fulton Burley ni ti Michael; aláwàdà ni àwọn méjèèjì, inú ọgbà yìí kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣeré fún àwọn ènìyàn lójoojúmọ́. Àpárá wọn ti gbó díẹ̀, àwọn míràn kò sì dùn mọ́ létí ẹni tí ó mọ̀ bí ó ti ń rí kí a máa sín ahọ́n ẹni jẹ. Orin ni ó gba eré náà là. Agbo ẹyẹ funfun kan sọ̀ kalẹ̀ láti àjà, òdòdó ya ẹnu, wọ́n kọrin. Lẹ́yìn náà ni ojú àwọn ère ara ògiri ṣí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù tí wọ́n sì ń ké. Bí iná ti kú nìyẹn. Òjò dé lẹ́yìn fèrèsé, àrá sán, ẹyẹ kan sì sọ fún wa pé inú ló bí àwọn òrìṣà nítorí ariwo tí a ń pa. N óò padà sórí àrá yìí.

Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó fi okùn kọ́rùn, báàjì wẹ́wẹ́ sì bo okùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní àwòrán José lára. Láti 1999 ni àwọn olólùfẹ́ ọgbà Disney ti ń fi irú báàjì bẹ́ẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn àti lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Ẹnu ọkùnrin yìí ń mì ṣáájú ẹnu ẹyẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀. Nígbà tí a jáde, ó sọ fún mi pé òun ní rẹ́kọ́ọ̀dù eré náà tí wọ́n ṣe ní 1968, pé bàbá òun ni ó rà á, àti pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wá síbí kí bàbá náà tó kú. Mo wá rí i pé ohun tí mo kà sí àléébù ẹyẹ náà ni ọkùnrin yìí ń wá. Ohun tí kò gbọ́ ohùn wa kò lè mọ̀ pé bàbá ẹni ti kú. Ó kí i lónìí gẹ́gẹ́ bí ó ti kí òun àti bàbá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìjà fi dé nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan eré náà. Irú ilé yìí kan wà ní Florida láti 1971. Ní 1998 wọ́n kó Iago àti Zazu wọ inú rẹ̀, ẹyẹ méjì láti inú sinimá *Aladdin* àti *The Lion King*. Iago ń pariwo pé eré àtijọ́ ti sú ènìyàn, títí òrìṣà obìnrin kan tí ń jẹ́ Uh-Oa fi yọ, tí ó sì jẹ ẹ́ níyà. Ó dun àwọn olólùfẹ́ wọra. Bí ẹni tí ń pàlọ́ bá yí orin àlọ́ padà, àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ kígbe. Ìgbe àwọn wọ̀nyí kò dákẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá. Ní oṣù kìíní 2011 iná jó apá kan ilé náà, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣí ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Iago ti lọ, José ti padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gé eré rẹ̀ kúrú. Ní tèmi, àwọn olólùfẹ́ jàre. Ìṣe 1998 jẹ́ ti ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ tí ó jogún, tí ó sì fi ẹ̀gàn iṣẹ́ náà ṣe àpárá kí a má baà rí i pé òun kò ní òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ọgbà iwájú ilé náà ní Anaheim, níbi tí a ti ń dúró kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Àwọn òrìṣà dúró yí i ká: Maui tí ó fi okùn mú oòrùn, Rongo alágbẹ̀, Hina tí ó ni òjò, Ngendei ti Fiji tí ó gbé ayé dúró, Pele tí ó ni iná inú òkè ní Hawaii. Rolly Crump ni ó mọ wọ́n. Kì í ṣe amọ̀ère tẹ́lẹ̀. Ibi iṣẹ́ náà ni ó ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. N óò tilẹ̀ sọ pé ó dára ju ohun gbogbo tí ó wà nínú ilé lọ, nítorí àwọn ère náà ní ìtìjú lójú, wọn kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń dúró ń lá áísìkiriìmù ọ̀pẹ̀-òyìnbó lábẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ Dole tí ń ta ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni ó di agbátẹrù ilé náà ní 1976. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì ní Hawaii: Sanford Dole ni ó di olórí ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà tí wọ́n lé Ọbabìnrin Liliʻuokalani kúrò lórí ìtẹ́ ní 1893, James Dole ìbátan rẹ̀ ni ó sì dá òwò ọ̀pẹ̀-òyìnbó náà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1901. N kò ka ẹ̀ṣẹ̀ yìí sí ọmọdé tí ń lá áísìkiriìmù lọ́rùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé Pele ṣì ní ọmọ láyé. Àwọn ará Hawaii kan ṣì ń bọ ọ́, wọ́n ṣì ń kọrin rẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún òkè tí ó ń gbé.

Èyí ni ó yà mí lẹ́nu lára àwọn olólùfẹ́ tí mo ti yìn. Bí ẹnìkan bá gé gbólóhùn kan kúrò lẹ́nu José, wọn yóò mọ̀, wọn yóò sì jà. Nípa ti Pele, báàjì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Uh-Oa nìkan ni òrìṣà tí wọ́n gbà láyè nínú eré yìí láti na ẹni tí ó ń fi òrìṣà ṣẹ̀sín. Òun ni kì í ṣe òrìṣà ìlú kankan, àwọn òǹkọ̀wé eré ni ó dá a. Òun náà ni eré rẹ̀ kò wu ẹnikẹ́ni. Ọtí kan ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí ní ilé ọtí tí wọ́n ṣí ní òtẹ́ẹ̀lì Disneyland ní 2011.

Mo ní n óò padà sórí àrá. Ilé onísàngó ni wọ́n bí bàbá ìyá mi sí. Nígbà tí àrá sán lẹ́ẹ̀kíní nínú òkùnkùn ilé ẹyẹ náà, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Síbẹ̀ ọwọ́ mi ti dé etí fìlà kí n tó rántí, “Kábíyèsí” sì ti dé ètè mi. Gbogbo àwọn tí ó yí mi ká ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo bá wọn rín in. Ìdí tí mo fi wọlé lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kí n lè wò ó bóyá n óò tún bò ó mọ́ra. Mo bò ó mọ́ra. Nígbà kẹta, n kò ní ohun tí mo ń bò mọ́. Mo ti mọ ìgbà tí yóò sán.

Kí n tó kúrò ní ọgbà náà, mo ra ife alámọ̀ kan tí ó ní ojú Maui. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ìbejì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. N kò tíì mu omi nínú rẹ̀. Kálàmù ni mo ń kó sí i, mo sì yí ojú rẹ̀ sí ògiri.