Ta Ló Sọ Ayétòrò Di Olówó?

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókọ̀dá, tí ẹ kọjú sí etíkun Ìlàjẹ, ẹ ò ní rí ìlú kankan tó ń jẹ́ Olówó, ẹ ò sì ní rí Tálíkà. Inú ìwé ni wọ́n wà. Stanley R. Barrett, onímọ̀ àwùjọ ará Kánádà, ló fún wọn lórúkọ yẹn nínú Two Villages on Stilts (1974) àti The Rise and Fall of an African Utopia (1977). Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ló pè ní Olówó. Abúlé kan nítòsí ló pè ní Tálíkà.

Ìwádìí rẹ̀ dùn mọ́ mi, torí bí àwa tó ń kọ software ṣe ń dán nǹkan wò ló ṣe é. Ilé orí òpó kan náà, ẹ̀sìn kan náà, ẹyọ nǹkan kan ló yàtọ̀: ní Ayétòrò, àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń ná. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù. Ẹja tí wọ́n pa, bàtà tí wọ́n ṣe, ọkọ̀ tí wọ́n kàn, ti gbogbo ìlú ni. Barrett ní àjùmọ̀ní yìí, ju ẹ̀sìn lọ, ló sọ wọ́n dọlọ́rọ̀. Mo gbà fún un.

Orúkọ yẹn ni mi ò gbà. Fífi orúkọ pamọ́ ò burú, àwa náà ń ṣe é fún àkọsílẹ̀ oníbàárà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ la fi ń rọ́pò rẹ̀. Ìdájọ́ ni "Olówó" àti "Tálíkà": kí ẹ tó ṣí ojú ewé kìíní, ẹ ti mọ ẹni tó borí. Bẹ́ẹ̀ owó kọ́ làwọn ará ibẹ̀ fi sọ ìlú wọn lórúkọ. Ayé tó tòrò ni àwọn kan ń wá. Ní etíkun yẹn kan náà, àwọn mìíràn pe tiwọn ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ (òkè kankan ò sí níbẹ̀ o, omi àti ẹrẹ̀ ni). Ọmọ ibẹ̀ tó bá ka ìwé yìí á bi ara rẹ̀ pé, àbí àwa ni Tálíkà?

Ìṣubú tí Barrett ń sọ ni ìgbà tí oníkálukú padà sí àpò tirẹ̀. Èyí tí ojú ń rí báyìí yàtọ̀. Òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ibojì lọ ní Ayétòrò. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi síta, òkun ṣì ń wọlé. Ọmọ Ayétòrò tó bá ń wá bí ìlú ṣe rí kí àdúgbò bàbá rẹ̀ tó wọmi, ìwé yìí á wúlò fún un gan-an, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé "Olówó" ni kóun tẹ̀.

Ẹ kà á ṣá. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà tirẹ̀ rà, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ Ayétòrò síbi tó ti kọ Olówó. Ti Tálíkà, ẹ bi àwọn àgbà Ìlàjẹ.