Èrò Àwọn Òǹwòran nípa Fíìmù The Paradine Case: Níbo Gan-an ni Àléébù Rẹ̀ Wà?

Nínú àwọn fíìmù tí Alfred Hitchcock darí, The Paradine Case, tí ó jáde ní ìparí ọdún 1947, wà lára èyí tí àwọn òǹwòran kì í fi bẹ́ẹ̀ yìn. Owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là ni David O. Selznick, olóòtú rẹ̀, ná lé e lórí. Owó náà kò wọlé padà. Kì í ṣe pé èlò kò sí níbẹ̀. Gregory Peck ni agbẹjọ́rò, Alida Valli ni olùjẹ́jọ́, Charles Laughton ni adájọ́, a sì kọ́ irú Old Bailey, ilé-ẹjọ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù, sínú ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Họ́líwúùdù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó wò ó tán ni ó ń sọ pé òun retí ohun tí ó ju èyí lọ. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni ohun tí wọ́n retí, àti bóyá fíìmù náà ni ó jẹ̀bi pé wọn kò rí i.

Inú ìwé ìtàn àròsọ Robert Hichens ti ọdún 1933 ni a ti mú ìtàn náà. A fi ẹ̀sùn kan Ìyáàfin Paradine pé ó fi májèlé sínú ọtí wáìnì fún ọkọ rẹ̀, ọ̀gágun kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Anthony Keane, agbẹjọ́rò rẹ̀, kó sínú ìfẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì ní aya rere nílé. Ó gbìyànjú láti ti ẹ̀bi ikú náà sí ọrùn Latour, ìránṣẹ́ ọ̀gágun, láìgbà pé Latour gan-an ni ọkàn obìnrin náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn dé ilé-ẹjọ́ pé Latour ti pa ara rẹ̀, obìnrin náà jẹ́wọ́ ní gbangba, ó sì sọ fún agbẹjọ́rò rẹ̀ pé òun kórìíra rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé fíìmù náà kò ní àdììtú. Èyí kò ṣòro láti lóye. Òǹwòran tí ó ti rí Witness for the Prosecution ti ọdún 1957, níbi tí Laughton yìí kan náà ti bọ́ ẹ̀wù adájọ́ tí ó gbé ti agbẹjọ́rò wọ̀, mọ bí ó ti ń dùn tó kí a tan ènìyàn jẹ títí dé òpin. Fíìmù yẹn tilẹ̀ bẹ àwọn òǹwòran kí wọ́n má ṣe tú àṣírí ìparí rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé irú ìrètí bẹ́ẹ̀ wọ inú The Paradine Case ti lọ ra aṣọ ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ìbéèrè fíìmù náà kì í ṣe ta ni ó pa ọ̀gágun. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Keane kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ti ẹnìkan náà kí ó tó dá ẹjọ́ ní ọkàn ara rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ yóò ti là níwájú èrò ni ìtàn náà ń lé.

Ẹ̀sùn kejì, pé ọ̀rọ̀ pọ̀ jù àti pé bí ikú náà ti ṣẹlẹ̀ kò yéni, lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Hitchcock fúnra rẹ̀ gbà á. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí François Truffaut sọ di ìwé ní ọdún 1966, ó jẹ́wọ́ pé ètò ilé náà, pẹ̀lú bí àwọn ènìyàn ti ń ti yàrá dé yàrá, kò yé òun rí, àti pé òun kò mọ bí obìnrin náà ti rí i ṣe. Bí kò bá yé ẹni tí ó darí rẹ̀, èwo ni ti ẹni tí ó sanwó wọlé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni yíyan òṣèré. Àwọn òǹwòran a máa sọ pé Peck kò jọ agbẹjọ́rò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òótọ́ sì ni. Laurence Olivier tàbí Ronald Colman ni Hitchcock fẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kéré sí ti Latour. Hitchcock fẹ́ ọkùnrin líle kan tí òórùn ìgbẹ́ ẹṣin ń bá rìn, kí ó lè ká agbẹjọ́rò lára pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí òun ń sìn bí òrìṣà yàn. Louis Jourdan, arẹwà ọ̀dọ́mọkùnrin, ni Selznick fún un. Bí ìfìwàwẹ̀dá náà ti yí padà nìyẹn. Ta ni yóò yà lẹ́nu pé obìnrin fẹ́ràn Jourdan? Ìtìjú tí ó yẹ kí ó bo Keane mọ́lẹ̀ di owú lásán. Òǹwòran mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan kò tó, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé-ẹjọ́ ni ó ń wò, ó wá àléébù náà lọ sínú ẹ̀rí àti ẹlẹ́rìí.

Àwọn olùgbèjà Hitchcock a máa di gbogbo ẹ̀bi ru Selznick, tí ó kọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà tí ó sì tún gé e kúrú. Kò burú; àmọ́ ta ni ó fi ilé tí kò yé e han àwọn ènìyàn?

Ohun kan wà tí ìkùnsínú kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kíyè sí. Nígbà tí Latour ń wọlé wá jẹ́rìí, kámẹ́rà kò tẹ̀ lé e. Ojú Ìyáàfin Paradine ni ó dúró lé, nínú àgọ́ olùjẹ́jọ́, bí ọkùnrin náà ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó ń kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí wákàtí kan àròyé kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ti hàn kedere. Bákan náà ni ìgbà tí Keane sọ pé òun ti kùnà tí ó sì jáde, tí a ń wò ó láti òkè bí ó ti ń dá nìkan rìn gba àárín ilé-ẹjọ́ kọjá. Ìbá ṣe pé ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí! Lẹ́yìn náà, aya rẹ̀ tún wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó rọ̀ ọ́ kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìtùnú yìí ni òǹwòran mú jáde sí ìta, kì í ṣe ìrìn àdárìn náà.