Ìyá méjì kì í bí ni: Àgbéyẹ̀wò àkójọ orin Poly-Rythmo ti Kútọnu

1. Ẹgbẹ́ náà àti àkójọ náà

Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ aláwo Analog Africa ti ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì gbé àkójọ orin kan jáde, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní The Vodoun Effect. Orin mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀. Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu ni ó kọ gbogbo wọn, láàárín ọdún 1972 sí 1975. Samy Ben Redjeb ni ó wá wọn rí, tí ó sì ṣà wọ́n jọ.

Mélomé Clément ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Lohento Eskill àti Ahéhéhinnou Vincent wà lára àwọn akọrin rẹ̀; Papillon ni ó ń ta gìtá; Yehouessi Léopold ni ó ń lu ìlù. Nǹkan bí 500 orin ni a ń kà sí wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú mẹ́rìnlá nínú 500, iṣẹ́ ńlá ni ó dáwọ́ lé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni pé: irú òṣùwọ̀n wo ni a fi ṣe àṣàyàn?

2. Òṣùwọ̀n olùkójọ

Kì í ṣe àwọn orin tí òkìkí wọn kàn jùlọ ni Redjeb mú. Ó fi àwọn àwo Albarika Store, ilé-iṣẹ́ Adissa Seidou tí ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ẹgbẹ́ náà jáde, sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Àwọn àwo ilé-iṣẹ́ kéékèèké, tí àwọn ènìyàn ti gbàgbé, ni ó lọ wá. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Nagra kan, pẹ̀lú gbohùngbohùn kan tàbí méjì, ni wọ́n fi gba irú orin wọ̀nyí sílẹ̀ nínú ilé àdáni. Ohùn akọrin, gìtá, dùùrù àti ìlù ní láti jọ pín àyè níwájú gbohùngbohùn náà. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ wọn yóò rò pé òun wà nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú àwọn olórin.

Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé àkójọ kejì jáde, Echos Hypnotiques, èyí tí ó mú láti inú àwọn àwo Albarika Store ti ọdún 1969 sí 1979. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Èkó ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Níbẹ̀, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì mọ́ létí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ náà ti lè dára tó nígbà tí irinṣẹ́ bá pé, èkejì ni kí ó gbọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí orin ti rí kí ó tó dé ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá, ti àkọ́kọ́ ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Redjeb kọ ọ̀rọ̀ méjì sí abẹ́ orúkọ àkójọ àkọ́kọ́: Funk àti Sato. Sato jẹ́ ìlù ńlá tí a ń lù láti fi ṣe ìrántí àwọn òkú. Ó ga tó ènìyàn. Ìlù Sakpata náà wà lára ohun tí ẹgbẹ́ yìí gbé lé orí gìtá àti dùùrù. Sakpata yìí sì ni òrìṣà tí Yorùbá ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná. Ìtàn fi hàn pé láti ìhà Ìdáàṣà, ní àárín àwọn Yorùbá, ni ó ti dé Àgbómẹ̀. Lórí bí ìlù ìbílẹ̀ ṣe di orin ijó ìgbàlódé, ẹ̀rí tí àkójọ náà mú wá kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó ń ṣe rúmbà ti Kóńgò àti orin bí ti Kúbà fún àwọn oníjó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ méjì yẹn wọn ẹgbẹ́ náà, apá kan ni ó rí.

3. Àwọn èdè inú àkójọ náà

Ibí yìí gan-an ni ó kan àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà jùlọ. Poly-Rythmo kọrin ní Fọ̀n, ní Mínà, ní Yorùbá, ní Faransé àti ní èdè mìíràn. Ẹ wo àkọlé mẹ́ta láti inú àwo kan ṣoṣo: Akoue We Gni Gan, Dis Moi La Verite, Iya Me Dji Ki Bi Ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ Fọ̀n, ó ń sọ pé owó ni ọ̀gá. Ti èkejì jẹ́ Faransé, ó ní kí a sọ òtítọ́ fún òun. Ti ẹ̀kẹta jẹ́ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ẹ̀kẹta. Àkọtọ́ Faransé ni ó fi "dj" sí ipò "j". Ẹni tí ó kọ ọ́ pín ọ̀rọ̀ kan, "méjì", sí méjì. Ó kọ "kì í" ní "ki" lásán, bẹ́ẹ̀ ni fáwẹ̀lì kejì yẹn ni ó ń sọ fún ni pé ohun náà kì í ṣẹlẹ̀ rárá, láéláé. Kò sì sí àmì ohùn kankan. Láìsí àmì ohùn, "iya" lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ìyà. "Bi" lè jẹ́ bí, ó lè jẹ́ bi, ó lè jẹ́ bì. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rí nǹkankan mú níbẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ pàápàá yóò kọ́kọ́ dúró ronú. Nígbà tí a bá dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbà ni ó jáde: Ìyá méjì kì í bí ni.

Nínú agbo ilé tí ọmọ ti ń pe gbogbo ìyàwó baba rẹ̀ ní ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. A lè fi yin ìyá ẹni; a sì lè fi bá ẹlòmíràn wí, kí ó mọ̀ pé orúkọ ni òun pín pẹ̀lú ìyá ọmọ, òun kọ́ ni ó rọbí rẹ̀. Kò sí vodun nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí nínú pé owó ni ọ̀gá, kò sì sí nínú pé kí a sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Àléébù tí ó tóbi jùlọ nínú àkójọ yìí ni pé orúkọ kan ṣoṣo, Vodoun, bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá yé olùgbọ́, ìlù nìkan ni yóò kù fún un, yóò sì gbà pé awo ni gbogbo ohun tí òun kò gbọ́.

A kò lè dá àwọn tí ó tẹ àwo náà ní ọdún 1972 lẹ́bi. Èdè Faransé nìkan ni ilé ìwé fi kọ́ wọn láti kọ nǹkan sílẹ̀, ọdún 1975 ni ìjọba sì tó fi òfin gbé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 33 ti kọjá lórí òfin náà kí àkójọ yìí tó jáde. Ó tọ́ kí olùkójọ fi àkọlé àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí òun ni a fi ń dá àwo mọ̀. Ìlà kan lábẹ́ rẹ̀, tí ó fi àkọtọ́ tí ó yẹ àti ìtumọ̀ hàn, ì bá ti tó.

4. Ìdájọ́

Láìsí àní-àní, iṣẹ́ rere ni Redjeb ṣe. Ó gba orin là lọ́wọ́ ìgbàgbé, ó sì mọ èyí tí ó dùn yàtọ̀ sí èyí tí kò dùn. Ẹgbẹ́ náà tún rìnrìn àjò lọ kọrin ní Yúróòpù ní ọdún 2009, wọ́n sì gbé àwo tuntun jáde, Cotonou Club, ní ọdún 2011. Bí a bá fi etí nìkan ṣe ìdájọ́, The Vodoun Effect yege. Bí a bá fi èdè kún un, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ìdajì tí ó kù kò lè dúró pẹ́. Lohento ti kú ní ọdún 2006, kí àkójọ náà tó jáde. Mélomé tẹ̀lé e ní ọdún 2012. Bí àwọn akọrin àti àwọn tí ó jó sí orin wọn ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a lè bi léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ gan-an ń dín kù. Kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ aláwo ní Jámánì ni ó yẹ kí a máa retí. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń kọ́ ìwé mọ irú orin báyìí láti orí. Kí olùkọ́ kọ "Iya Me Dji Ki Bi Ni" sí ojú pátákó bí ó ti wà lára àwo, kí ó ní kí wọ́n tún un kọ, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí a ń lo ọ̀rọ̀ náà nínú ilé tiwọn. Kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Orin kan yóò ti di ẹ̀kọ́ kan, yóò sì ti kúrò nínú ohun tí a lè pàdánù.