Kámẹ́rà Tó Mọ Fẹlá Wò

Pátá ló wà nídìí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin, bó ṣe ń bá àwọn tó wá ya fíìmù sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Báyẹn ni ọ̀pọ̀ oníròyìn ṣe bá a. Ohun tó wú mi lórí nínú Music Is the Weapon, fíìmù tí Stéphane Tchalgadjieff àti Jean-Jacques Flori ti ilẹ̀ Faransé wá ṣe ní 1982, ni pé kámẹ́rà wọn kò fi pátá yẹn ṣe ìran wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin náà ni wọ́n tẹ̀ lé.

Orin ló le jù níbẹ̀. Orin Fẹlá kan lè lọ tó ogún ìṣẹ́jú. Ìlù á ti gbóná, fèrè á ti ké títí, kó tó la ẹnu. Fíìmù yìí lódindi kò sì pé wákàtí kan. Ẹlòmíràn ì bá gé orin náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Tiwọn yàtọ̀: orin á bẹ̀rẹ̀ ní Shrine, ilé ijó Fẹlá, kámẹ́rà á jáde sí títì Èkó, sáàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Egypt 80, á ṣì máa lu tiwọn lọ. Ìyà tí Fẹlá ń fi orin sọ, ojú wa ti rí i.

Wọn ò pa àwọn ìyàwó rẹ̀ tì bí ẹni tó kàn wà fún ijó. Ní 1978 ló gbé 27 níyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A rí wọn pẹ̀lú ojú tí wọ́n kùn, a sì gbọ́ ohùn wọn. Ó wù mí kí fíìmù náà jẹ́ kí àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alex Gibney náà ṣe fíìmù tiẹ̀ nípa Fẹlá, Finding Fela, ní 2014. Ó dé ibi tí ti 1982 kò lè dé: ikú Fẹlá ní 1997, àti bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye, dókítà tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, ṣe sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni. Mo bọ̀wọ̀ fún Gibney pé kò fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé tí Bill T. Jones ṣe nípa Fẹlá ní Broadway ló gba àyè púpọ̀ níbẹ̀, bí Fẹlá gidi bá sì ti yọ, gbogbo eléré yẹn á ṣá lójú ẹni.

Ọ̀rọ̀ Fẹlá kò jìnnà sí àwa tá a wà ní Ìjàyè níbí. Nígbà tí ogun fọ́ ìlú wa yìí ní 1862, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ sá lọ. Àdúgbò Ìjàyè wà níbẹ̀ dòní. Abẹ́òkúta náà ni wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938. Àwọn ọ̀dọ́ wa níbí mọ orin rẹ̀ dáadáa, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kò rí i lórí ìtàgé rí. Fíìmù ti 1982 ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Kí wọ́n sì wá gbohùngbohùn tó dáa so mọ́ fóònù wọn, torí fóònù lásán kò lè gbé báàsì yẹn.