Oorun Ẹ̀bá Ilé

Nínú Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tí John Bunyan tẹ̀ jáde ní 1678, tí David Hinderer ti ìjọ CMS ní Ìbàdàn sì túmọ̀ sí èdè Yorùbá, ọjà asán kọ́ ni oorun ti kun èrò. Ìgbà tí wàhálà rọlẹ̀, tí ilé kù dẹ̀dẹ̀, ni ojú ń wúwo. Ní apá kejì, tí ó jáde ní 1684, a bá ọkùnrin méjì tí wọ́n sùn fọnfọn níbẹ̀. Bí a ti ń jí wọn, ọ̀kan dáhùn lójú oorun pé bí owó òun bá dé, òun yóò san gbèsè. Òye Bunyan jinlẹ̀: ẹni tí ó sùn ṣì ń sọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe àìsùn láti tọrọ ọlà. Bí ọlà bá sì dé, ọkàn a sùn. Ariwo kọ́ ni oògùn tí Bunyan lò, bí kò ṣe ẹlẹgbẹ́ tí ń bi ni léèrè ọ̀rọ̀. Ìrètí gbà pé bí ó bá ṣe pé òun nìkan ni, oorun náà ì bá di ikú. Ìjọ tí ó gbé àga iwájú fún olówó, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè bi í ní ìbéèrè, ta ni yóò jí i?