"Sọ́rì" Kì í Ṣe Àṣìṣe

Àwọn olùkọ́ kan ṣì ń kọ́ ọmọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ló lè sọ pé "sorry". Bí ẹnìkan bá kọsẹ̀ lọ́jà Owódé, tí ẹ sì kí i pé "sọ́rì o", wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì yín wọ́, torí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ tì í. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀kọ́ yìí wò dáadáa.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sārig" ni ọ̀rọ̀ náà, inú "sār" ló sì ti jáde. "Sār" yìí kan náà ló di "sore" lónìí: egbò, ohun tó ń dun ni. Ẹni tó jẹ́ "sārig" ni ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀bi níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ rò pé "sorrow" ló bí i, àmọ́ gbòǹgbò ọ̀tọ̀ ni ìyẹn ní. Òun ni ìbátan "Sorge" àwọn ará Jámánì, tó túmọ̀ sí àníyàn. Ìjọra ìró ló sún àwọn méjèèjì mọ́ra.

Ṣé ẹ wá rí i? Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń sọ "sorry" fún ẹni tó ṣòfò, láìjẹ́ pé òun ló pa òkú. Àwa kàn nà án dé orí ìkọsẹ̀ ni, torí a ti ní "pẹ̀lẹ́" tẹ́lẹ̀. Haúsá ní "sannu", àwọn Akan ilẹ̀ Gánà ní "kosɛ". Ẹnu wa ò ṣìnà.

Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an, àwọn olùkọ́ náà kì í débẹ̀. Yorùbá ya "pẹ̀lẹ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ má bínú". "Pẹ̀lẹ́" ń sọ pé mo rí ìrora rẹ. "Ẹ má bínú" ń sọ pé èmi ni mo fà á, mo sì ń bẹ̀bẹ̀. "Sọ́rì" ti gbé méjèèjì mì. Ọlọ́kadà ta ẹrẹ̀ sí yín láṣọ, ó ní "sọ́rì", ó ti lọ. Ṣé ó bá yín kẹ́dùn ni, àbí ó gbà pé òun jẹ̀bi? Ọmọ tó ṣẹ ìyá rẹ̀ àgbà, tó ní "sọ́rì, màmá", kò tíì bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kí ẹni tó kọsẹ̀ ní "sọ́rì". Bó bá ṣẹ̀, ẹ kọ́ ọ kó kúnlẹ̀, kó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú."